Irin Tí Fákúnlé Fi Kúróòmù Bò

Ọdún 1973 ni mo dé Èkó, ilé kan ní Ṣógúnlé ni mo sì háyà yàrá sí. Yàrá márùn-ún wà lápá ọ̀tún, márùn-ún wà lápá òsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan ló sì là wọ́n láàárín. Fákúnlé àti Wàsílátù ìyàwó rẹ̀ ló wà ní yàrá tó dojú kọ tèmi. Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí nígbà náà, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń fi orúkọ pè mí nínú ilé yẹn. Tíṣà ni gbogbo wọn mọ̀. Púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ló ṣojú mi. Èyí tí kò ṣojú mi, ẹnu Fákúnlé fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ.

Ọmọ Ìkirè ni Fákúnlé, ó sì ti lé díẹ̀ lẹ́ni ọdún márùndínlógójì nígbà tí mo mọ̀ ọ́n. Èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, àwọn ìka ọwọ́ rẹ̀ sì ti le koko, wọ́n ti pọ́n nítorí àsíìdì tó ń fi ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ kúróòmù ni iṣẹ́ rẹ̀. Bọ́ńpà ọkọ̀ tó ti dípẹtà ni àwọn èèyàn máa ń gbé wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà Éápọ́ọ̀tù. Yóò fi àsíìdì bọ́ ìpẹtà náà kúrò, yóò fi ẹ̀rọ dán irin náà títí yóò fi jọ̀lọ̀, lẹ́yìn náà ni yóò rì í sínú táǹkì omi kẹ́míkà kan tí wáyà iná wọ inú rẹ̀. Iná yẹn ló máa ń jẹ́ kí níkẹ́ẹ̀lì inú omi lẹ̀ mọ́ irin. Táǹkì kejì ni ti kúróòmù, òun ló máa ń bò ó gbẹ̀yìn. Bí ó bá yọ ọ́ jáde, èèyàn lè wojú nínú rẹ̀ di gèlè.

Àsìkò owó epo nìyẹn. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Òṣòdì lọ́dún tó kọjá ti ń wa ọkọ̀ Dátísọ̀nù, ó ń fun fèrè lójú títì. Bọ́ńpà kún iwájú ṣọ́ọ̀bù Fákúnlé débi pé ó máa ń to àwọn mìíràn sí ẹ̀yìn ilé wa. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí iṣẹ́ kankan ti ọwọ́ òun jáde bí kò bá tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bí ó bá rí àbàwọ́n tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, yóò bọ́ gbogbo rẹ̀ dànù, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníbàárà máa ń bínú sí i pé ó ń pẹ́. Yóò máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Wàsílátù ní tirẹ̀, ọmọ Ìwó ni, aṣọ ló sì ń tà ní ọjà Aswani ní Ìsọlọ̀. Ó yára lẹ́sẹ̀. Mo ti bá a lọ sọ́jà nígbà mélòó kan, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń wò láti ilé dé Ìsọlọ̀, òun tó gbé ẹrù sórí, èmi tí mo jẹ́ ọlọ́wọ́ òfìfo. Bí ó bá bojú wẹ̀yìn tó rí i pé mo ti jìnnà, yóò dúró, yóò máa rẹ́rìn-ín. Ọmọ kan ṣoṣo ni òun àti Fákúnlé ní, Kúnbi, tó wà ní kíláàsì mi lọ́dún náà. Wọn kò bí òmíràn mọ́ lẹ́yìn rẹ̀, n kò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì kùn sí i.

Oṣù kẹta ọdún 1975 ni ìjàm̀bá náà ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ Túsìdeè ni, ọjọ́ tí ọjà Aswani máa ń kún jù. Wọ́n ń já ẹrù láti orí lọ́rì kan, báálì aṣọ kan sì yọ lọ́wọ́ àwọn alábàárù, ó já lu Wàsílátù níbi tó ti tẹ̀ ba tó ń ka aṣọ rẹ̀. Egungun itan òsì rẹ̀ kán sí méjì. Orí pátákó ìpàtẹ ọjà ni wọ́n tẹ́ ẹ sí gbé e kúrò níbẹ̀.

Ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ kún fọ́fọ́. Ọkọ̀ ti pọ̀ lójú títì, àwọn tí ọkọ̀ ń kọ lù sì ti pọ̀ ní ìlọ́po ìlọ́po. Wọ́n so òkúta mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ láti fà á tọ́, wọ́n sì sọ fún Fákúnlé pé ẹsẹ̀ bí irú èyí, irin ni ó yẹ kí wọ́n fi dì í, ṣùgbọ́n irin ti tán. Èyí tí wọ́n béèrè fún láti òkè òkun wà nínú ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ ojú omi náà kò sì rí ibi gúnlẹ̀ sí ní Àpápá, nítorí àwọn ọkọ̀ tó kó sìmẹ́ńtì dé ti dí gbogbo ẹnu omi. Ó ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ kẹta kí ẹnì kan tó júwe ilé ìwòsàn aládàáni kékeré kan fún Fákúnlé, ní ọ̀nà Okota. Wọ́n ní dókítà ibẹ̀ ní irin.

Lóòótọ́ ló ní in. Ẹyọ kan ṣoṣo ni, irin pẹlẹbẹ kan tó gùn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì, tí ihò síkúrù mẹ́jọ wà lára rẹ̀. Ẹlòmíràn ni wọ́n ti fi dì lẹ́sẹ̀ rí. Ẹni náà ti san, wọ́n sì ti yọ irin náà. Ó ní ìlà ìhara lára, ibi ihò méjì sì ti ní àmì bí ìpẹtà. Dókítà náà yí i wò, ó wo ìka ọwọ́ Fákúnlé, ó bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe.

“Ẹ̀yin náà kúkú ni oníṣẹ́ irin,” ni ó wí nígbà tó gbọ́. “Ẹ bá mi dán an kí ara rẹ̀ jọ̀lọ̀ díẹ̀, kí ẹ dá a padà lọ́la. A máa sè é dáadáa kí a tó lò ó.”

Fákúnlé gbé irin náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó lé gbogbo àwọn oníbàárà rẹ̀ padà lọ́jọ́ náà. Ó dán irin náà títí ìlà ara rẹ̀ fi parẹ́, ṣùgbọ́n létí ihò méjèèjì, àwọn ojú kékeré kan tí ìpẹtà ti jẹ wọlé kò kúrò. Ó sọ fún mi lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé ohun tí òun ń rò nígbà náà kò ju ẹyọ kan lọ: pé ohun tí ẹlòmíràn ti lò ni wọ́n fẹ́ fi sínú ara ìyàwó òun. Ó ní ọkàn òun kò gbà á. Bí ó ṣe gbé irin náà bọ inú táǹkì níkẹ́ẹ̀lì nìyẹn. Ó jẹ́ kí ó pẹ́ níbẹ̀ ju bọ́ńpà lọ, kí ó lè nípọn. Ó gbé e lọ sínú ti kúróòmù. Nígbà tó yọ ọ́, kò sí àbàwọ́n kankan lára rẹ̀ mọ́. Ó fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ títí ó fi sú u, ó sì fi aṣọ funfun kan tí Wàsílátù kò tíì tà wé e.

Dókítà ọ̀nà Okota tú aṣọ náà, ó ní irin náà dà bí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé. Kò béèrè ohun tí Fákúnlé ṣe sí i. Fákúnlé náà kò sọ.

Fún oṣù méjì, ó jọ pé gbogbo rẹ̀ ti bọ́ sí i. Wàsílátù padà sílé, ó ń fi ọ̀pá méjì rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ka iye ọjọ́ tó kù kó padà sí Aswani. Nígbà tó di oṣù keje ni itan náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó máa ń gbóná lálẹ́, ibà a sì mú un. Lẹ́yìn ìyẹn ojú ọgbẹ́ tó ti jinná tú sílẹ̀ níbì kan, omi dúdú kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í sun jáde níbẹ̀, kó tó wá di ọyún. Dókítà ọ̀nà Okota gún un lábẹ́rẹ́ títí. Bí ó bá dáwọ́ dúró díẹ̀, yóò tún bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tí dókítà yẹn sọ ni n kò lè gbàgbé. Ó ní ara Wàsílátù kò gba irin. Ó ní àwọn ẹlòmíràn ń gbà á, pé ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ni kò bá a mu. Láti ọjọ́ náà ni Wàsílátù ti gbé ẹ̀bi náà sórí ara rẹ̀. Àwọn ẹbí rẹ̀ wá láti Ìwó, wọ́n ń bi í pé kí ló jẹ, ta ló ṣẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí ara rẹ̀ ti ṣe sí i tẹ́lẹ̀: oyún méjì tó bàjẹ́ lẹ́yìn Kúnbi, ibà kan tó ṣe é nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó máa ń sọ fún mi pé, “Tíṣà, ara mi yìí ni kò dára. Gbogbo ohun tí wọ́n bá fún un ló ń kọ̀.” Fákúnlé a wà níbẹ̀. Ó máa ń dìde jáde.

N kò rò ó pé ó mọ nǹkan kan nígbà náà. Ṣùgbọ́n ó sọ fún mi pé ìfura ti wọ inú òun láti ọjọ́ tí omi dúdú yẹn ti kọ́kọ́ jáde, nítorí òun mọ àwọ̀ náà. Irú rẹ̀ ló máa ń wà nísàlẹ̀ táǹkì.

Nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún 1976, a gbé Wàsílátù padà sí ilé ìwòsàn ńlá. Dókítà kan tí kò tíì pẹ́ tó ti òkè òkun dé ló gbà á síbùsùn, Olúbọ̀wálé lorúkọ rẹ̀. Ó kéré lọ́jọ́ orí sí Fákúnlé, ó sì máa ń bá àwọn aláìsàn sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ara ilé rẹ̀ ni wọ́n. Ó ya fọ́tò egungun náà, ó ní kò tíì so pọ̀, pé irin náà gbọ́dọ̀ kúrò. Ọjọ́ tí wọ́n yọ ọ́, ó ní kí Fákúnlé wá sí ọ́fíìsì òun. Fákúnlé bẹ̀ mí kí n bá òun wọlé.

Inú abọ́ irin kan ni wọ́n gbé e sí. Mo rí i. Ara rẹ̀ tó ń dán tẹ́lẹ̀ ti bó, ó ká sókè bí èèpo àlùbọ́sà, abẹ́ rẹ̀ sì ti di dúdú. Dókítà Olúbọ̀wálé ní gbogbo ẹran tó yí i ká nínú itan ló dúdú bẹ́ẹ̀. Ó wá béèrè pé, “Ẹ̀gbọ́n, ta ló fi kúróòmù bo irin yìí?”

Fákúnlé ní, “Èmi ni.”

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Dókítà kò dá a dúró, kò sì bá a wí. Nígbà tó parí, Fákúnlé bi í pé kí ni òun kò ṣe dáadáa. Ó ní òun fọ̀ ọ́, ilé ìwòsàn náà sì sè é. Ìdọ̀tí wo ló tún lè kù lára rẹ̀?

Dókítà ṣàlàyé fún un pẹ̀lú sùúrù, mo sì gbìyànjú láti há a sórí nítorí mo mọ̀ pé Fákúnlé yóò tún bi mí. Ó ní bí irin bá wọ inú ara, kì í ṣe ẹran ló kọ́kọ́ ń bá a pàdé, omi inú ẹ̀jẹ̀ ni. Nínú omi yẹn ni ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní pùròtíìnì, irú èyí tó wà nínú funfun ẹyin. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, pùròtíìnì ti lẹ̀ mọ́ gbogbo ara irin náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹran ara yóò tó wá, ohun tó lẹ̀ mọ́ irin yìí ni yóò sì bá, kò ní bá irin fúnra rẹ̀.

“Ẹ ti rí i bí ẹyin ṣe ń ṣe nínú ìkòkò,” ó wí. “Ìkòkò kan wà tí yóò tẹ́ sí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Òmíràn wà tí yóò lẹ̀ mọ́ síbi kan, yóò fà ya níbòmíràn, yóò sì jóná. Ojú irin ló ń pinnu bí pùròtíìnì ṣe máa jókòó sí i. Bí kò bá jókòó dáadáa, ẹran ara á rí i bí àlejò, á máa bá a jà.”

Ó wá gbé irin náà sókè. Ó ní irin tí wọ́n fi ṣe é, ó ní awọ tirẹ̀ tí ojú kò lè rí, awọ yẹn ni kì í jẹ́ kó dípẹtà, òun náà ni ara máa ń fara mọ́. Àsíìdì àti níkẹ́ẹ̀lì Fákúnlé ti mú awọ yẹn kúrò. Omi ara sì dà bí omi iyọ̀, ó ti wọ abẹ́ kúróòmù, ó ń tu níkẹ́ẹ̀lì sínú ẹran díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́sàn-án. Ibi tí ẹran ti ń kú ni kòkòrò ti rí àyè gbé. Ó ní bí wọ́n bá fi irin náà sínú itan bí ó ṣe wà, pẹ̀lú ìhara àti ìpẹtà rẹ̀, òun kò lè sọ pé kì bá ti fa wàhálà. Ó lè fà á. Ṣùgbọ́n kì bá tó èyí.

Fákúnlé béèrè bóyá ẹsẹ̀ náà yóò san. Dókítà ní ibi tó ti kú lára egungun náà gùn ju bí òun ti rò lọ, ọyún sì ti fẹ́ máa wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n máa gé e lókè orúnkún.

Nígbà tí a jáde, Fákúnlé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ìyàwó òun. Mo ṣèlérí fún un. Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ pé ìlérí náà rọrùn fún mi, nítorí n kò mọ ẹnu tí mo fẹ́ fi sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, àkókò ìbẹ̀wò ọ̀sán, àwa méjèèjì jókòó ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un nípa gígé ẹsẹ̀. Kò sunkún. Ó ń fi ọwọ́ nu aṣọ bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tó fẹ́ tẹ́ ẹ fún oníbàárà, ó sì ń bẹ Fákúnlé pé kó má ṣe bínú. Ó ní òun mọ bí ó ṣe sáré tó láti wá irin náà, pé ara burúkú tí òun ní ló ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ó ní bí ó bá fẹ́ fẹ́ ẹlòmíràn lẹ́yìn èyí, òun kò ní bá a jà.

Fákúnlé ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́.

“Kì í ṣe ara rẹ, Wàsílá. Èmi ni. Mo fi kúróòmù bo irin náà. Òun ló ń pa ẹsẹ̀ rẹ.”

Ohun tó ń sọ kò kọ́kọ́ yé Wàsílátù. Ó ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, ó sọ bí dókítà ṣe ṣàlàyé rẹ̀, ó ṣì í sọ níbì kan, mo sì bá a tún un ṣe. Ìyàwó rẹ̀ ń wo ẹnu rẹ̀.

“Ṣé dókítà Okota ló ní kí ẹ bò ó?”

“Rárá. Ó ní kí n dán an ni.”

“Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún un pé ẹ bò ó?”

Ó ní, “Mo fẹ́ kó rí i bíi tuntun. Mo rò pé bí mo bá sọ, kò ní lò ó mọ́.”

Wàsílátù yí ojú sí ògiri. Agogo òpin ìbẹ̀wò lù, kò wẹ̀yìn. Kò bá Fákúnlé sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, èmi ló sì di ọwọ́ rẹ̀ mú títí wọ́n fi tì í wọlé. Ohun tó sọ fún mi kí ilẹ̀kùn tó pa dé ni pé, “Ó kéré tán, kì í ṣe èmi.”

Nígbà tó padà sílé, wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí ara wọn, tọ́rọ̀ bá kàn wọ́n. N kò gbọ́ igbe rí láti yàrá yẹn. Ṣùgbọ́n kò gbà kí Fákúnlé fọwọ́ kan ojú ibi tí wọ́n gé. Kúnbi ló máa ń wẹ̀ ẹ́, ọmọ ọdún méjìlá, òun ló ń di báńdéèjì rẹ̀ kó tó wọ aṣọ ilé ìwé. Fákúnlé a dúró síta lọ́dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú kẹ́tùlù omi gbígbóná, yóò gbé e kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, yóò yà sẹ́yìn.

Ilé wa kò ṣeé gbé fún ẹlẹ́sẹ̀ kan. Ẹ̀yìnkùlé pátápátá ni ilé ìgbẹ́ wà, ọ̀nà rẹ̀ sì máa ń yọ̀ nígbà òjò. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọdún náà parí, ó ní òun fẹ́ lọ gbé lọ́dọ̀ ìyá òun ní Ìwó, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú. Ó ní kì í ṣe ìjà. Fákúnlé kó ẹrù rẹ̀ sọ́kọ̀, ó bá a lọ, òun nìkan ló sì padà ní ọjọ́ kejì. Kúnbi dúró sí Èkó nítorí ilé ìwé. Fákúnlé a máa lọ sí Ìwó lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Ó ṣì ń ṣe bọ́ńpà, nítorí kò ní iṣẹ́ mìíràn, ṣùgbọ́n kì í yẹ̀ ẹ́ wò mọ́ bíi tàtẹ̀yìnwá. Ó máa ń gbé e fún oníbàárà láì wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ọdún 1977 ni Dókítà Olúbọ̀wálé ránṣẹ́ sí i. Ó ní yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn tó ti ń dán oríṣiríṣi irin wò, ó sì ń wá ẹni tó lè bá òun ṣe ojú wọn bí òun bá ṣe fẹ́. Fákúnlé bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí irin fi òun sílẹ̀. Dókítà kò fi dandan mú un. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Fákúnlé wọ aṣọ tó mọ́, ó lọ fúnra rẹ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo ọ̀sán Tọ́sìdeè ló ń lọ.

Irin kéékèèké tí kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ ni ó ń ṣe. Ó ń fi fáìlì ha àwọn kan, ó ń dán àwọn kan bíi dígí, ó ń fi kúróòmù bo àwọn kan. Àwọn mìíràn, dókítà ní kó rì wọ́n sínú àsíìdì kan tó máa ń jẹ́ kí awọ tiwọn hù padà. Wọ́n á wá rì gbogbo wọn sínú omi ẹ̀jẹ̀ nínú ife, kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí inú ara èèyàn, wọ́n á ka ìṣẹ́jú, wọ́n á ṣan wọ́n, wọ́n á sì fi aró búlúù kan kùn wọ́n. Ibi tí pùròtíìnì bá lẹ̀ mọ́ ni aró náà máa ń mú. Fákúnlé sọ fún mi pé lára àwọn tó ní awọ tiwọn, aró náà tẹ́ lọ rẹrẹ láti etí kan dé èkejì. Lára àwọn tó ní kúróòmù, ó kóra jọ síbì kan, ó sì fo ibòmíràn. Dókítà fi ẹ̀rọ asọ-nǹkan-di-ńlá hàn án. Ó rí i pé kúróòmù náà, tó jọ̀lọ̀ lójú, ti là wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ilẹ̀ ẹrẹ̀ tó gbẹ.

Ó wá sí ẹnu ọ̀nà mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò wọlé.

“Tíṣà,” ó wí, “ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. N kò mọ̀ pé ó ń là.”

Ó yí padà, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Nígbà tó ṣe, dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í kó irin tòótọ́ fún un. Àwọn irin ilé ìwòsàn tó bá ní ìhara níbi tí wọ́n kó wọn pamọ́ sí, Fákúnlé ló ń mú wọn jọ̀lọ̀, òun ló ń rì wọ́n sínú àsíìdì tó ń dá awọ wọn padà. Kò fi ohunkóhun bò wọ́n. Èyí tí ìpẹtà bá ti jẹ wọlé, bó ti wù kó kéré tó, yóò yà á sọ́tọ̀, yóò sì sọ fún dókítà pé kí wọ́n má lò ó fún ẹnikẹ́ni. Ó máa ń kọ ohun tó ṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, ọ̀rọ̀ tí kò bá sì mọ̀ ọ́n kọ, yóò mú un wá bá mi.

Ọ̀kan nínú irin wọ̀nyẹn ni wọ́n fi di ẹsẹ̀ Ọmọ́wùmí, obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ ní Ìsọlọ̀, tí ọkọ̀ kọ lù ní Òṣòdì. Egungun rẹ̀ so pọ̀ láàárín oṣù márùn-ún, kò sí ọyún, kò sí wíwú. Dókítà ní kí Fákúnlé wá wò ó bó ṣe ń rìn. Fákúnlé kò lọ. Ó ní kí wọ́n bá òun kí i.

Lásìkò ìsinmi ilé ìwé ọdún 1979, mo bá òun àti Kúnbi lọ sí Ìwó. Wàsílátù jókòó lórí àpótí níwájú ilé ìyá rẹ̀, ó ń ṣẹ́tí aṣọ fún àwọn aránṣọ àdúgbò. Ó ti sanra díẹ̀. Ó yọ̀ mọ́ mi, ó di Kúnbi mú títí ọmọ náà fi ń já ara rẹ̀ gbà. Ó kí ọkọ rẹ̀ lórí ìjókòó, ó ní kí ó wá jókòó síbi ibòji.

A ti jẹun tán kí Fákúnlé tó sọ ọ̀rọ̀ Ọmọ́wùmí fún un. N kò mọ̀ pé ó fẹ́ sọ ọ́. Ó sọ ọ́ ní ṣókí, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀: pé irin kan wà tí òun ṣe, pé òun kò fi nǹkan kan bò ó, pé ara obìnrin náà gbà á.

Wàsílátù gún abẹ́rẹ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ.

“Ṣé ó ń rìn dáadáa?” ni ó béèrè.

“Wọ́n ní ó ń rìn.”

“Ṣé ó lè gbé ẹrù?”

Fákúnlé ní òun kò mọ̀, pé òun kò lọ wò ó.

“Ẹ lọ wò ó,” ni Wàsílátù wí. “Bí ẹ bá tún ń bọ̀ níbí, ẹ wá sọ fún mi.”

Ó tún mú abẹ́rẹ́ náà. Kúnbi gbé omi wá láti wẹ ojú ibi tí wọ́n gé, nítorí ó ti di àṣà rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá wá. Ìyá rẹ̀ ní kó gbé omi náà kalẹ̀, kó lọ ṣeré, pé bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀. Fákúnlé kò dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, a sì ń gbọ́ bí ó ṣe ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó pẹ́ níbẹ̀ gan-an, Wàsílátù sì ń ṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ lọ, ó ń dúró dè é.